Ìwọ̀n ara ìyá, ìwọ̀n ara bàbá, àti ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn lọ́kọláya sọ n'Íléṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tí ò ráyè wá lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù yẹn, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Dókítà David Morley, òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà níbí lọ́dún 1956, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì náà, tí gbogbo ayé wá gbà á lò. Ọmọ tó ń rù ló ń wá nígbà yẹn torí ebi àti àìsàn ń pa ọmọdé. Lóde òní, a ṣì ń rí ọmọ tó ń rù, ṣùgbọ́n a tún ti ń rí ọmọ tí ìlà ìwọ̀n tiẹ̀ lórí káàdì náà ń gòkè kọjá ibi tó yẹ, ohun tí mo sì fẹ́ ká mọ̀ ni pé ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó délé ayé, ó ti bẹ̀rẹ̀ lára ìyá àti lára bàbá, kí oyún gan-an tó dé.

Sísanra jù kì í ṣe ohun tá à ń fojú wò. Ẹ wọn ara yín ní kílò, ẹ wọn gíga yín ní mítà, ẹ fi gíga yẹn lu ara rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó jáde pín kílò yín. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60 tó sì wọn kílò 80, tiẹ̀ á lé díẹ̀ ní 31. Tó bá ti pé 30, ara ti sanra jù nìyẹn. Mo mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá sanra la máa ń sọ pé ayé ń yẹ, ẹni tó bá rù la máa ń bi pé ṣé kò sí o. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú oyún? Ibi ọmọ máa ń mú kí insulin, ìyẹn ohun tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, má fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́ lára ìyá. Tí ara bá ti sanra jù tẹ́lẹ̀, ó lè má lè gbé e, ṣúgà á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà yẹn máa ń gba ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, insulin ìyá kì í kọjá, torí náà ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe insulin tiẹ̀, òun ló ń mú kó tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Táwọn èèyàn bá gbọ́ pé obìnrin bí ọmọ tó ju kílò 4 lọ, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, èmi, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ṣúgà ìyá ńkọ́? Torí èjìká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há lójú ara, tí wọ́n bá sì gé ìwọ́ tán, ṣúgà tó ń ti ara ìyá wá ti dúró, insulin ọmọ ò tíì dúró, ṣúgà tiẹ̀ lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè fún un lọ́mú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀, iṣẹ́ abẹ àti ojú egbò tí ò tètè jinná. Tí apá yín bá tóbi, ẹ ní kí wọ́n fi bẹ́líìtì ńlá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, torí kékeré lè parọ́ pé ó ga. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ńkọ́? Òun náà lè má pa dé dáadáa tí ìyá bá sanra jù. Nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún bá ti dúró ló ti máa ń pa dé, ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà yẹn, torí náà kí oyún tó dé ló yẹ kẹ́ ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀ folic acid, fítámì tó ń ran ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé.

Ìyá kan béèrè pé ṣé kì í ṣe ìdílé ni? Ìdílé wà níbẹ̀ o. Àmọ́ wọ́n yẹ àwọn ẹ̀yà Pima ní Arizona wò, l'Amẹ́ríkà, ọmọ ìyá kan náà, èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú ìyá ló sanra ju èyí tí wọ́n bí ṣáájú lọ, òun náà sì ni ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú jù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ikùn kan náà, ohun tó wà nínú ikùn ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má tíì dìde. Àwọn obìnrin nìkan là ń bá wí látọdúnmọ́dún, kò sì tọ́. Ọ̀rá lára ọkùnrin máa ń sọ díẹ̀ nínú ohun tó ń mú un jẹ́ ọkùnrin di irú tobìnrin, àtọ̀ lè dín kù. Ní Copenhagen, ìwádìí kan lọ́dún 2016 fi hàn pé àmì tó ń darí ohun àjogúnbá nínú àtọ̀ àwọn ọkùnrin tó sanra jù yàtọ̀ sí tàwọn tí ò sanra, ó sì yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tó mú kí wọ́n fọn. Ní ìpínlẹ̀ New York náà, wọ́n tọpa ọmọ àwọn ìyá tó ju 5,000 lọ títí ọmọ fi pé ọdún 3, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2017: àwọn ọmọ tí ìyá wọn sanra jù ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ọwọ́ lò dáadáa, tí bàbá wọn sanra jù, bíbá èèyàn ṣe ló ń pẹ́. Kì í ṣe pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọmọ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló dáa, ẹ má gbé e sọ́kàn bí ègún.

Ẹni tó ti lóyún, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara yín o. Ẹni tó sanra jù tẹ́lẹ̀, kílò 5 sí 9 ló tó kó fi kún un títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ jíjẹun fún ẹni méjì yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ má pa iyán tì, Ìjẹ̀ṣà ni wá, ẹ ṣá jẹ́ kó kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀. Míníráà àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fún aboyún pé ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ṣúgà ni. Tẹ́ ẹ bá tọjà Atákúnmọ̀sà bọ̀ tẹ́rù ò sì wúwo, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà. Bàbá tó fẹ́ kí ìyàwó òun lóyún, àtọ̀ máa ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó gbó, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ga nínú oyún, ẹ má rò pé ó ti tán torí ẹ ti bímọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ẹ má tíì jẹun láàárọ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà tiyín náà wò.