Bí Rédíò Orí Fóònù Ṣe Ń Mọ Orin Tó Wù Yín

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Bí ẹ bá ń gba Òpópónà Ọba Adésídà kọjá ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, ẹ lè gbọ́ orin kan náà nínú rédíò télọ̀, ti onígẹ̀rígẹ̀rí àti ti ẹni tó ń ta káàdì. Ohun tí olóòtú bá fi sí i ni gbogbo ìlú ń gbọ́. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Tiyín nìkan ni. Ẹ yan orin kan fún un, á sì máa fi èyí tó bá a mu tẹ̀ lé e.

Ta ló sọ fún un pé ó bá a mu? Ní Pandora, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Àwọn tó mọ orin dáadáa á jókòó ti orin kan ṣoṣo fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ṣé ohùn akọrin tín-ín-rín ni àbí ó rinlẹ̀? Ṣé ìlù ń sáré ni àbí ó ń rọra rìn? Ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò lára orin kan tó 450. Ọ̀nà yìí wù mí gan-an, torí kò béèrè bóyá olórin lókìkí. Ó dùn mí pé Pandora kì í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Last.fm, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 2002, gba ọ̀nà mìíràn. Ohun tí àwọn olùgbọ́ ń gbọ́ ló ń ṣọ́. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ King Sunny Adé bá ń gbọ́ Ebenezer Obey náà, á gbé Obey wá fún yín. Spotify, áàpù orin tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, ń lo ọgbọ́n yìí pẹ̀lú àwọn mìíràn.

Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, á yọjú kíá. Ṣùgbọ́n Comfort Omoge, ìyá tó kọrin Asíkò àwa ará Ìkálẹ̀, ẹ lè gbọ́ rédíò yín títí kó má kàn án, torí àwọn tó ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kò pọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa pè é wá.

Ẹ wo fóònù yìí. YouTube Music ni mo ṣí. Mo ti wá orúkọ Comfort Omoge, orin sì ti jáde. Ẹ wo àmì tótó kéékèèké mẹ́ta (⋮) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan “Start radio” tàbí “Start mix”, èyí tí ẹ bá rí. Ó ti ń lọ nìyẹn. Èyí tó bá dùn mọ́ yín, ẹ tẹ àtàǹpàkò tó nàró. Èyí tí kò bá wù yín, ẹ fò ó. Ẹ má jẹ́ kó dún tán torí pé ẹ ń gúnyán lọ́wọ́: ẹ̀rọ lè rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ti dátà ńkọ́? Lórí Spotify, bí ẹ bá yan “Normal”, wákàtí kan á jẹ bíi 43MB. “Very high” á jẹ bíi 144MB.

Olórin Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ tàbí Àkókó wo ni rédíò yín kò tíì dárúkọ rí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ fídíò yìí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.