Ohun tí IKEA kọ sára ògiri kọ́ ni àṣà wọn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí olùkọ́ ní kẹ́ ẹ tú àṣà ilé iṣẹ́ IKEA, àwọn tó ń ta àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì, palẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ ti ṣí ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti rí ohun mẹ́jọ tí wọ́n láwọn gbà gbọ́: ìṣọ̀kan, ṣíṣọ́ owó ná, kí nǹkan rọrùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dà á kọ, ẹ ní ó parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀! Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í.

Edgar Schein, ọ̀mọ̀wé tó kọ̀wé lórí àṣà ilé iṣẹ́, pín àṣà sí ìpele mẹ́ta: ohun tójú rí, ohun tẹ́nu sọ, àti ohun tí gbogbo wọn ti gbà láì sọ ọ́ jáde.

Ẹ wo dánfó tó ń ti Ojúẹlẹ́gba lọ sí CMS. Ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú méjì: ojú rí i. Àdúrà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀: ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá na owó ọkọ̀ rẹ̀ síwájú, ọwọ́ àjèjì mẹ́ta gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ńdọ́, ṣéńjì sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ta ló kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé kí wọ́n má fi sápò? Kò sí. Kẹ́nì kan dán an wò ná, ariwo tó máa sọ lẹ́ ó fi mọ̀ pé òfin wà. ÒFIN TÍ WỌN KÒ KỌ YẸN LẸ̀ Ń WÁ. Mo tún un wí: èyí tí wọn kò kọ!

Ó yá, IKEA. Ingvar Kamprad dá a sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1943, ọmọ ọdún 17 ni. Småland ló ti wá, ilẹ̀ olókùúta tí àgbẹ̀ kì í ti í fi ohunkóhun ṣòfò. Lọ́dún 1956, tábìlì kan kò wọ inú mọ́tò, Gillis Lundgren, òṣìṣẹ́ wọn, bá tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Látìgbà náà ni páálí pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń di ọjà sí ní títú kí oníbàárà lè tò ó fúnra rẹ̀, ti di tiwọn.

Páálí yẹn, ojú rí i. “Kówó rẹ̀ má wọ́n,” ẹnu sọ ọ́. Kí ló wà nísàlẹ̀? Ẹ lọ bá káfíńtà ní Múṣín. Ẹ ó sọ tábìlì tí ẹ fẹ́, á ka pákó, gúlúù, fáníìṣì àtowó iṣẹ́ pọ̀, kó tó dá iye lé e. IKEA kọ́kọ́ ń dá iye ná, kí wọ́n tó wá tábìlì tí iye yẹn gbà. Oníbàárà ló ń gbé e nílẹ̀, òun ló ń tò ó nílé. Ìyẹn ni pé gbogbo wọn gbà pé oníbàárà kì í ṣe àlejò tá à ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó nípa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ kò méfò? Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ̀ láti yí padà nígbà tó ni wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, ife wọn kéré débi pé àwọn èèyàn ń ra ìkòkò òdòdó láti fi mumi. Wọ́n yí ife padà, wọ́n yí ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì padà. Páálí pẹlẹbẹ ńkọ́? Wọn ò fọwọ́ kàn án. Kódà nígbà tí wọ́n ra TaskRabbit, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ilé fún un, lọ́dún 2017, owó ẹni tó ń báni to tábìlì ṣì dá dúró lọ́tọ̀, kò wọ inú owó tábìlì.

Ẹ tún wá ibi tí ẹnu àti ọwọ́ ti ta kora. Lọ́dún 2012, wọ́n yọ àwọn obìnrin kúrò nínú àwòrán ìwé ọjà wọn ti Saudi Arabia. Nígbà tí ìròyìn gbé e, àwọn fúnra wọn gbà pé ó lòdì sí ohun táwọn ń sọ. Má fo irú èyí o! Olùkọ́ tó bá kà á máa mọ̀ pé o ṣiṣẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ má kàn kọ “IKEA” sílẹ̀. Inter IKEA ló ni orúkọ àti ètò ìṣòwò náà. Ingka, ilé iṣẹ́ mìíràn, ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń tú, ní ìlà àkọ́kọ́.