Ìjọ tí ò ní pásítọ̀, tí kì í sì dìbò

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà tún rèé. Ọ̀rọ̀ àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní England, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn ti abúlé gan-an, torí láti ìgbà tí mo ti lọ wo ilé ìpàdé Brigflatts, lẹ́bàá Sedbergh ní àríwá England níbí, ọ̀rọ̀ wọn ò kúrò lọ́kàn mi. 1675 ni wọ́n kọ́ ọ. Kò sí pẹpẹ, kò sí àga pásítọ̀, àmọ́ wọ́n ṣe àyè fún ajá sídìí àtẹ̀gùn, torí ajá tó ń da àgùntàn máa ń tẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ wá sílé ìsìn. Ajá o!

Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n sinmi nígbà yẹn. Àwọn Quaker láwọn ò ní san ìdámẹ́wàá fún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba (ẹ̀yin pásítọ̀ tó ń gbọ́ mi, ẹ má bínú), ni ìjọba bá ń kó màlúù àti ìkòkò wọn lọ. Ìgbà tí George Fox, tó dá ìjọ wọn sílẹ̀, jáde lẹ́wọ̀n Scarborough ní 1666 ló wá tò wọ́n dáadáa: abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìpàdé tiẹ̀, àwọn tó múlé ti ara wọn á jọ pàdé lóṣooṣù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tálákà, ta ló wà lẹ́wọ̀n, ta ló máa bójú tó àwọn ọmọ ẹ̀, ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wà lókè ìyẹn, ti ọdọọdún wá wà ní London.

Wọn kì í dìbò. Clerk, ìyẹn ẹni tó ń darí ìpàdé tó sì ń kọ̀wé ẹ̀, á tẹ́tí, á kọ ibi tọ́rọ̀ já sí sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, á kà á síta, tẹ́nì kan bá ní ibì kan ò tọ̀nà, wọ́n á tún un kọ. Tí wọn ò bá fẹnu kò, ó di ìpàdé mìíì. Ká ní ìpàdé ọmọ ìlú wa ni, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀!

Ohun tó ṣe wọ́n léṣe ni pé tó o bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Quaker, wọ́n á yọ ẹ́ lẹ́gbẹ́, ó di nǹkan bí 1860 kí wọ́n tó jáwọ́. Nínú abúlé kékeré, ta lo fẹ́ fẹ́, ìbátan ẹ? Ní 2007 wọ́n yí orúkọ padà, ti oṣooṣù di Area Meeting, ti abúlé di Local Meeting. Lójú tèmi orúkọ kọ́ nìṣòro, iṣẹ́ ni: clerk, akápò, trustee, ẹni tó máa wo òrùlé tó ń jò, táwọn èèyàn bá ṣẹ́kù díẹ̀, ọrùn àwọn àgbà kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń já lé. Ìyẹn ni mo ṣe fara mọ́ ọn pé kí ìsìn wà lábúlé, kí ìwé owó wà níbòmíì.

Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n wá ṣe clerk, mi ò ṣe o. Kí n máa kọ̀wé lójú èèyàn, kí ìyá àgbà kan máa ní kọ́mà mi ò dáa níbẹ̀ yẹn? Kí wọ́n wá ẹlòmíì.