Sam Mills àti Àwọn Tó Ń Fi Tépù Yan Eléré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Àwọn tó fi tépù wọn Sam Mills ní ọdún 1981 rí gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9, ṣùgbọ́n wọn kò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láínbákà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́ àwọn olùgbèjà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ wo ìdúró àwọn alátakò, kí ó mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbà, kí ó sì ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yí ipò padà. Àwọn ayan-eléré ní ẹni tó kúrú kò lè ríran kọjá orí àwọn géńdé iwájú. Mo ta kò wọ́n gidigidi. Ẹni tó kúrú ló rọrùn fún láti kó sábẹ́ àyà géńdé tó fẹ́ dí i lọ́nà, kí ó sì gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ikọ̀ Cleveland Browns ló kọ́kọ́ dá a padà. Ikọ̀ Toronto ní Kánádà náà kò gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní iṣẹ́ igi àti fọ́tò yíyà ní East Orange, New Jersey. Olùkọ́ iṣẹ́ igi yìí ni Jim Mora, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, padà wá pè ní eléré tó dára jù lọ nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́ rí. Sam Rutigliano, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cleveland kan náà tó dá a padà, ló júwe rẹ̀ fún ikọ̀ Philadelphia Stars nínú líìgì tuntun tí wọ́n ń pè ní USFL. Ó bá wọn gba ife ní 1984 àti 1985, Mora, tó kọ́ ọ níbẹ̀, sì mú un lọ sí ikọ̀ New Orleans Saints ní 1986. Ní 1992, òun pẹ̀lú Rickey Jackson, Vaughan Johnson àti Pat Swilling, láínbákà mẹ́rin inú ikọ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ yàn sí Pro Bowl, eré ọdọọdún àwọn eléré tó tayọ jù lọ. Ní 1995, nígbà tó ti lọ sí Carolina Panthers, tó sì ti pé ẹni ọdún 36, ó já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ New York Jets lọ́wọ́, ó sì gbé e sá wọlé láti yáàdì 36, lọ́jọ́ tí Panthers kọ́kọ́ borí nínú ìtàn wọn.

Níbí ni arábìnrin kan ti béèrè ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ gíga láìtíì mẹ́nu kan àìsàn rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tó ń kọ́ àwọn láínbákà Panthers, àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ikọ̀ náà tó kojú Dallas ní oṣù kìíní ọdún 2004, ó sọ fún àwọn eléré pé ọ̀nà méjì ló wà níwájú òun, kí òun jáwọ́ tàbí kí òun máa jà nìṣó, ìjà sì lòun yàn. Wọ́n na Dallas ní 29 sí 10, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí New England ti fi 32 sí 29 borí wọn. Lójú tèmi, ohun tí tépù kò rí ní 1981 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyẹn rí.

Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ní ẹni ọdún 45. Gbọ̀ngàn ìyẹ́sí àwọn àgbà-ọ̀jẹ̀ ní Canton, Ohio, kò gbà á wọlé títí di 2022, ọdún tó kẹ́yìn pátápátá tí orúkọ rẹ̀ lè fi wà nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní ti àwọn eléré òde òní. Aya rẹ̀ ló dúró sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀.