Nígbà tí Ìkòkò Bá Di Mẹ́ta: Ọ̀rọ̀ lórí Apọntí Kékeré tí Ó Ń Di Ńlá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín. Nígbà tí wọ́n lẹ àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ ògiri, ọ̀rẹ́ mi kan láti Ìlọrin pè mí, ó ní òun kò mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mutí. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí ó ń kọ́ni nípa oró ejò kò ní láti jẹ́ kí ejò bu òun ṣán. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni a wà lónìí, ìjàkadì sì lorò Ọ̀fà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè di àríyànjiyàn náà mú.

Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé apọntí kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá kékeré, ọtí rẹ̀ ní adùn tirẹ̀, àwọn ènìyàn ń rìn jìnnà nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ra agbada irin gogoro, ọtí rẹ̀ dé ìlú gbogbo, ni àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ bá ní kò rí bí ó ti ń rí mọ́. Èmi kò gbà pé títóbi ni ó ń ba ọtí jẹ́. Ìkánjú ni. Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí a ó fi jáde, ẹ má bínú.

Ẹ wo ẹlẹ́mu tí ó ní ọ̀pẹ mẹ́wàá. Ẹmu rẹ̀ kì í bàjẹ́ nítorí pé oníbàárà pọ̀. Ó ń bàjẹ́ nígbà tí kò ní sùúrù láti wá ọ̀pẹ mìíràn, tí ó wá bu omi àti ṣúgà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọtí ọkà bàbà náà mọ̀ pé a ní láti rẹ ọkà, kí a jẹ́ kí ó hù, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a sè é, kí ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí kékeré tí ó ń sọ adùn ọkà di ọtí, tó rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Owó lè ra ìkòkò, ṣùgbọ́n kò lè bẹ ìwúkàrà pé kí ó yára. Bí a bá gbé bíà kúrò lórí ìwúkàrà kí àkókò rẹ̀ tó pé, yóò máa ta lẹ́nu bíi bọ́tà. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú ooru ṣọ́ọ̀bù, òórùn hops, òdòdó kíkorò tí a fi ń pọn bíà, á lọ kúrò nínú rẹ̀, yóò wá dà bí páálí tí òjò pa. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo lè fi kan títóbi fúnra rẹ̀: nínú agbada gogoro, ìwúwo ọtí tí ó wà lókè a máa tẹ ìwúkàrà tí ó wà nísàlẹ̀, òórùn bíi ti èso tí ìwúkàrà ń mú jáde á sì dínkù. Apọntí tí ó mọ iṣẹ́ mọ bí a ti ń tún èyí ṣe.

Àwọn kan wà, mo rí méjì nínú wọn lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ní kékeré nìkan ni ó dára. Kí ni kékeré? Ẹgbẹ́ àwọn apọntí ní Amẹ́ríkà, Brewers Association, ní ẹni tí kò bá kọjá àgbá 2,000,000 lọ́dún ni apọntí kékeré. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe bíà Samuel Adams fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ìlà náà, ẹgbẹ́ gbé ìlà lọ sí 6,000,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011. Bí irú kékeré bẹ́ẹ̀ bá wọ Ọ̀fà, gbogbo wa óò kó lọ sí Ìjàgbó, ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Títóbi a sì máa tún ọtí ṣe. Ilé iṣẹ́ Guinness ní Dublin, tí ó ti wà láti ọdún 1759, gba onímọ̀ ìṣirò kan, William Gosset, ẹni tí ó wá ọ̀nà láti fi àpẹẹrẹ díẹ̀ mọ bí odidi ọjà ti rí. Orúkọ «Student» ni ó fi tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1908, àwọn ọmọ yunifásítì wa sì ń jìyà rẹ̀ nínú ìdánwò títí di òní. Ta ni apọntí oníyàrá kan tí ó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́?

Alága ti ń tọ́ka sí aago, nítorí náà mo sáré. Ken Grossman ti ilé iṣẹ́ ọtí Sierra Nevada ní California da ìpọntí púpọ̀ nù ní 1980 kí ọtí rẹ̀ tó dọ́gba. Ilé iṣẹ́ náà ti di ńlá, ọwọ́ ìdílé rẹ̀ ni ó ṣì wà. Ilé iṣẹ́ ọtí Goose Island ti Chicago ni a tà fún AB InBev, òmìrán nínú àwọn apọntí ayé, ní 2011, ní mílíọ̀nù 38.8 dọ́là. Kòkòrò àìfojúrí wọ inú Bourbon County Stout, bíà dúdú wọn, ti 2015, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tí wọ́n rà á.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó dà mí rú. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ti ń pọn ọtí ọkà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn dìde, wọ́n ní: «Ọmọ mi, o kò tíì pọntí rí. Ìkòkò kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kan jù, màá dà á fún ẹlẹ́dẹ̀, n óò sì sùn. Nígbà tí mo yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ìkòkò di mẹ́ta, tí ọ̀kan bàjẹ́, ǹjẹ́ mo lè dà á nù?»

Mo dákẹ́ díẹ̀. Grossman lè da ọtí nù nítorí pé kò tíì pọ̀. Goose Island lè dá owó padà nítorí pé owó òmìrán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó wà láàárín, tí ó ti yá owó ra agbada, tí kò tíì ní owó òmìrán, òun ni kò lè da nǹkan kan nù. Ìkánjú tí mo ti ń bá wí láti àárọ̀, gbèsè ni bàbá rẹ̀. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo wá bi Ìyá léèrè ohun tí wọ́n ṣe sí ìkòkò tí ó bàjẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn tà á. Mo ní fún ta? Wọ́n ní fún àwọn tí wọ́n ti mu méjì àkọ́kọ́ tán.