Kí ẹ tó gbé géèmù ìbọn fọ́mọ: ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Tanke lórí Halo Infinite

Salam alaekum o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tí ò ráàyè wá síbi tí mo ti bá àwọn òbí àti ọmọ sọ̀rọ̀ lórí géèmù yìí ní Tanke, nílùú Ìlọrin, ní Sátidé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ibi tí iná ti lọ tá a ń dúró de jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Mi ò tíì kí gbogbo ilé tán tí ìyá kan ti já lu ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ní "Bọ̀dá oníkọ̀ǹpútà, ẹ sáà sọ fún wa, ṣé ó dáa àbí kò dáa?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní Mọ́mì, tó bá rọrùn báyẹn ni, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kí n jókòó sílé mi. Àwa ọmọ Ìlọrin tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ṣé àwa náà la máa ṣe bíi pé a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun rí? Ọmọ tí ò ní géèmù gan-an, igi ló máa ṣẹ́, á ní ìbọn ni, á wá máa fẹnu yìn ín "tà tà tà" káàkiri àdúgbò. Ẹ bá mi béèrè irú ogun tó jẹ́, ẹ béèrè ẹni tó ń bá jà, ẹ sì béèrè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ létí nígbà tó ń jà lọ́wọ́. Ti etí yẹn gan-an ló gbé mi dé Tanke, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ géèmù náà fún yín.

December 2021 ni Halo Infinite jáde, 343 Industries ló ṣe é fún Microsoft, orí Xbox, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù Microsoft, àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń gbá a. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni, ọmọ aráyé ti wọ inú òfuurufú lọ, wọ́n ń bá àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣèèyàn jagun. Òrùka tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ fọkàn fẹ̀ ẹ́ títí táá fi tóbi débi pé odò wà nínú ẹ̀, òkè wà, igbó wà, ní ẹ̀gbẹ́ tó kan ìka yín lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Ẹni tí ọmọ yín máa jẹ́ nínú géèmù náà ni Master Chief, sójà tó fi ìhámọ́ra bo ara láti orí dé ẹsẹ̀. Kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni olórí ọ̀tá ti lù ú bí ẹní lu aṣọ òfì tó sì jù ú síta, oṣù mẹ́fà ló fi léfòó nínú òfuurufú kí awakọ̀ kan tó rí i he.

Ní ti ọjọ́ orí, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ESRB, 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn sẹ́nétọ̀ wọn ti pariwo ní 1993 lórí ẹ̀jẹ̀ inú géèmù Mortal Kombat. Lẹ́tà tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ kó gbá géèmù ni wọ́n máa ń fi sí i lára. Halo àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001, M ni wọ́n fún un, ìyẹn ọdún 17 sókè. Nígbà tó di Halo 5 ní 2015 ó di T, ọdún 13 sókè, Infinite náà sì gba T. Ẹ wá lọ sí Yúróòpù, àwọn PEGI tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbẹ̀ ní ọdún 16 ni. Géèmù kan náà o! Tí ọmọ ọdún 13 bá lè gbá a ní Amẹ́ríkà, tí Yúróòpù ní kó dúró ọdún mẹ́ta sí i, ti ọmọ Gaa Akanbi ńkọ́? Ẹ ò rí i pé ọwọ́ yín ló padà já sí.

Tèmi ni pé ọmọ ọdún 13 tí orí ẹ̀ pé lè gbá ìtàn yẹn. Ìbọn ń dún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, irọ́ ò sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà, àmọ́ àwọn ẹ̀dá abàmì yẹn ló ń kú jù, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì jọ ti èèyàn. Ibì kan wà tí wọ́n ti mú awakọ̀ yẹn tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, ìyẹn lè ba ọmọ kékeré lẹ́rù, ẹ wà nítòsí. Awakọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀rù ń bà á ṣáá, ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ ẹ̀, nígbà tó yá ó bú sẹ́kún pé òun kì í ṣe awakọ̀ ológun rárá, òun jí ọkọ̀ náà gbé sá lọ ni. Mo rò pé Master Chief máa bínú, àfi bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tó ní òun náà ti kùnà rí. Nínú géèmù ìbọn o! Àwọn bàbá kan wà ní Ìlọrin yìí tí wọn ò tíì sọ irú ẹ̀ fọ́mọ wọn rí (mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá a, ìjà ibẹ̀ dùn. Ààbò kan wà lára yín, tó bá fọ́ ẹ sá sẹ́yìn àpáta, ẹ dúró, á padà, ẹni tó bá ń já wọ ìjà bí àgbò á kàn máa kú ni. Ìbọn méjì péré lẹ lè gbé. Okùn ìwọ̀ ọwọ́ yẹn tí wọ́n ń pè ní Grappleshot, èmi fò títí mo fi gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gba àgọ́ ọ̀tá bíi márùn-ún, ìyókù jọra, inú ilé irin wọn gan-an ò yàtọ̀ síra, ó sú mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti ṣèlérí pé èèyàn méjì máa lè pín ojú TV kan gbá ìtàn náà, ní 2022 wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọn ò mọ̀ pé nílẹ̀ wa TV kan ni ọmọ mẹ́rin ń wò. Nínú ìjà ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, níbi tí àwọn tó ń gbá a ti ń bára wọn jà, ẹ ṣì lè pín in lórí Xbox.

Ìjà ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, mẹ́rin sí mẹ́rin tàbí méjìlá sí méjìlá, ẹnu àwọn àlejò sì wà létí ọmọ yín. Lẹ́tà T yẹn ò kan ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ESRB fúnra wọn máa ń kọ ọ́ pé àwọn tó ń gbá a lè bára wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún ohun tó máa jáde lẹ́nu wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá géèmù ìbọn mìíràn lórí fóònù nílé wọn ní Ọ̀fà, mo ní kó fún mi ní íàpíìsì kan kí n gbọ́, ohùn àgbàlagbà ni mo gbọ́, ọkùnrin tó ti tó bàbá ọmọ, ó ń ṣépè, ó wá rọ ohùn ó ń bi í pé àdúgbò wo ló ń gbé. Màmá ẹ̀ wà ní kíṣìnnì nígbà yẹn, inú wọn dùn pé ọmọ ò jáde, pé ó wà nílé.

Torí náà ẹ lọ sínú Xbox yẹn, ẹ ṣí àkáǹtì ọmọ fún un, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó máa lo tàgbà, ibẹ̀ lẹ ti máa dí ọ̀rọ̀ àlejò pa, ibẹ̀ náà lẹ ti máa dí ìnáwó. Aṣọ àti àwọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í fi kún agbára ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n owó gidi ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní "dìde níbẹ̀ báyìí" tó ní "ó kù díẹ̀", ó ṣeé ṣe kó má parọ́. Ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé dá dúró, tó bá sì ń já sílẹ̀ láàárín wọ́n máa tì í síta fúngbà díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó parí èyí, kó má bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Alfa kan dìde bi mí pé ṣé kì í ṣe harám. Mo ní Alfa, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń béèrè ìyẹn, kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé láptọ́ọ̀pù 4GB lè gbé e?" Kò lè gbé e o. 8GB RAM, ìyẹn ọpọlọ tó fi ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ní kó kéré jù, 50GB ni kó ṣófo níbi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kí ẹ tó wá ro dátà tẹ́ ẹ máa fi wà á sílẹ̀.

Ìyá tó já lu ọ̀rọ̀ mi yẹn ló gba pádì kẹ́yìn, lórí ìtàn, láìsí àlejò. Ògiri ni wọ́n ń yìnbọn sí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Grunt bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn wínníwínní, Mọ́mì yí padà bi mí pé, "Ta ló ń bú mi yẹn?" Mo tọ́ka sí i. Wọn ò gbé pádì sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Asr.