D. K. Pattammal àti orin tí wọ́n ní ó ju agbára obìnrin lọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa olórin ńlá, oyè àti ẹ̀bùn tó gbà la sábà máa ń kà. D. K. Pattammal gba púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pallavi, abala orin kan tó le gan-an, ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín, nítorí ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti ṣe gudugudu méje.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní Kanchipuram, ní gúúsù Íńdíà, sínú ìdílé Bráámínì, ìran àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Híńdù. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin irú ilé bẹ́ẹ̀ lè kọrin nínú ilé, níwájú òrìṣà. Kí ó wá jókòó lórí ìtàgé níwájú èrò, àbùkù ni wọ́n kà á sí. Ní 1929, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10, ó kọrin lórí rédíò ní Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai báyìí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gun orí ìtàgé.

Ìdènà kejì tún le ju èyí lọ. Nínú orin Carnatic, orin ìjìnlẹ̀ àtayébáyé ti gúúsù Íńdíà tí Pattammal ń kọ, abala kan wà tí wọ́n ń pè ní ragam-tanam-pallavi. Ibẹ̀ ni olórin ti ń fi ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ hàn. Ní ragam, ohùn nìkan ló ń rìn, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìlù. Ní tanam, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kúlúkúlú. Ìgbà tó bá kan pallavi, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olórin yóò mú, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. Ẹ fi ọmọńdinrín kàn án, kí ìka tó tẹ̀ lé e kàn án, kí ìka àárín náà kàn án. Mẹ́rin nìyẹn. Ẹ lù ú, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ tún lù ú, ẹ tún yí i. Mẹ́jọ pé. Adi tala ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀, olórin yóò sọ ìlà náà di ìlọ́po méjì, tí yóò fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lè fà á gùn. Ìlà náà sì lè má bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ lu itan. Ó lè wọlé lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni olórin sì gbọ́dọ̀ máa padà sí. Bó bá ṣì í, onílù mọ̀, àwọn tó jókòó náà mọ̀, torí pé àwọn náà ń fọwọ́ ka á lórí itan wọn.

Ìṣirò yìí ni wọ́n ní ọkùnrin ló ni ín. Ní Kanchipuram, Pattammal fetí sí Naina Pillai, olórin ọkùnrin tí pallavi rẹ̀ le bí ojú ẹja, ó sì gbé irú rẹ̀ lọ sórí ìtàgé. Ó wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Pallavi Pattammal.

Kò ṣeré nínú fíìmù rí o. Orin ẹ̀sìn àti orin ìfẹ́ orílẹ̀-èdè nìkan ló ń gbà láti kọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú Thyagabhoomi, tó jáde ní 1939, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè.

Ní 1970, Music Academy ti Madras fún un ní Sangita Kalanidhi, oyè ńlá nínú orin Carnatic, lẹ́yìn tí olórin M. S. Subbulakshmi ti jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á ní 1968. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù, torí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ ohun tí wọ́n ní kò lè kọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, D. K. Jayaraman, tí Pattammal fúnra rẹ̀ kọ́ lórin, gba oyè kan náà ní 1990. Pattammal kú ní 2009. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Nithyasree Mahadevan, di olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn obìnrin sì ń kọ pallavi ní Chennai ní gbogbo oṣù Kejìlá, láìsí ẹni tó ń bi wọ́n ta ló gbà wọ́n láyè.